Fèrè Tí Mo Gbọ́ Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n ti gbà fún wa. Gbọ̀ngàn ńlá, Àbámẹ́ta ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn rédíò yóò wá gba ohùn wa sílẹ̀. Ogójì ọdún rèé tí a ti ń kọrin pọ̀. Méje ni wá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. A ku mẹ́rin. Tísà tó ń tẹ dùùrù ló mú ìròyìn náà wá. Ó ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ni àwọn onígbọ̀ngàn kọ́kọ́ fẹ́, òun ló bẹ̀ wọ́n. "Àwọn tó ń gbọ́ orin wa á ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn." Káfíńtà tó ń lu ìlù ní òun náà á ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. A rẹ́rìn-ín. Ológoṣẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, Ológoṣẹ́ akọrin wa, ẹni tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ gan-an ni ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde. Tísà ló ń wò.

Kí ló ń wò?

Ọjọ́rú, 3

Ìdánrawò àkọ́kọ́. Yàrá wa ṣì wà lókè ilé ìtajà àga, àkàsọ̀ méjìlélógún. Kò sí ẹni tó gbà pé òun ń sinmi láàárín ọ̀nà. Káfíńtà dúró, ó ń yẹ igi tí a ń fọwọ́ dì mú wò bíi pé ó fẹ́ rà á. Èmi bẹ̀rẹ̀, mo ń so okùn bàtà. Tísà gbé fóònù tí kò dún sí etí.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ tí n kò fẹ́ràn. Àkọ́kọ́, Tísà ní a máa sọ ohùn gbogbo orin kalẹ̀, títí kan "Ẹnu Ọ̀nà", orin tí èmi afunfèrè wọn fúnra mi kọ fèrè rẹ̀. Ìpele méjì gbáko ló fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Kó lè rọrùn fún gbogbo wa ni," ó ní. Ẹnu mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. N kò sọ ọ̀rọ̀ eyín mi fún ẹnikẹ́ni àyàfi ọmọbìnrin mi àti dókítà eléyín.

Èkejì, láti ogójì ọdún, Ìṣẹ́gun ni à ń pàdé. Ó ti di Ọjọ́rú báyìí. Mo ní kí ló dé? Tísà ní òun ní nǹkan ṣe ní Ìṣẹ́gun. Káfíńtà ní òun náà. Ológoṣẹ́ ní òun náà. Èèyàn mẹ́ta, ọjọ́ kan náà. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ẹtì, 5

Ilé dókítà. Eyín iwájú méjì tó jẹ́ àtọwọ́dá náà ti ń mì. Ó ní kí n má fi fèrè tẹ̀ ẹ́ jù. Fífun fèrè láìtẹ eyín dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ kan ìṣó mọ́ omi. Lẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ̀ ẹ́, ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ra ọ̀kan, mo fi í sí àpò inú.

Ìṣẹ́gun, 9

Òjò láti òwúrọ̀. Mo fun fèrè nílé. Ohùn òkè tó kẹ́yìn "Ẹnu Ọ̀nà" fọ́ mọ́ mi lẹ́nu nígbà méjì. Aládùúgbò mi pa fèrèsé dé. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣí i sílẹ̀ láti gbọ́.

Ọjọ́rú, 10

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ kú lẹ́nu wọn. Tísà dìde lójijì, ó ní, "Fèrè," orúkọ tí wọ́n ń pè mí, "àyà rẹ ńkọ́?" Ogójì ọdún, kò bèèrè àyà mi rí.

Ó tún ní kí n máa fun ìbẹ̀rẹ̀ "Ẹnu Ọ̀nà" ṣáájú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan péré bí a ti ń ṣe é. Mo ní nítorí kí ni? Ó ní á dùn bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni orin náà ní. Wọ́n fẹ́ kó rẹ̀ mí lójú gbogbo èèyàn ni, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa sọ.

Ológoṣẹ́ kọrin dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ló ń wo Tísà, Tísà náà ń mi ètè sí i láìyọ ohùn. Àwọn méjèèjì ní àṣírí.

Ìṣẹ́gun, 16

Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Mo lọ ra lẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó kọjá lábẹ́ yàrá ìdánrawò wa ni mo gbà; n kò ní parọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀ ni. Fèrèsé òkè ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ fèrè. Fèrè, ní yàrá wa, ní Ìṣẹ́gun tí gbogbo wọn ní nǹkan ṣe!

"Ẹnu Ọ̀nà" ni. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. Á dún, á dákẹ́, ohùn Tísà á sọ nǹkan tí n kò gbọ́, fèrè á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà mẹ́sàn-án. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ohùn àtijọ́ ni ó ń fun un, ibi gíga tí wọ́n ní kí èmi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ́ bí omi inú gíláàsì. Ẹni náà kò tíì pé ogójì ọdún. Èèyàn a máa gbọ́ ọjọ́ orí nínú èémí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí wọ́n tò síta, mo jowú bí ọ̀dọ́langba. Ẹni tó ń ta àga ní ṣé mo fẹ́ rà á ni.

N kò gòkè. Àkàsọ̀ méjìlélógún, kí n wá dé ọ̀dọ̀ wọn kí n máa mí hẹlẹhẹlẹ níwájú onítọ̀hún? Rárá o.

Ọjọ́rú, 17

Mo tètè dé kí n lè wo yàrá. Ife tíì mẹ́rin ló wà nínú abọ́ tí a fi ń fọ nǹkan, wọn ò tíì fọ̀ wọ́n. Tísà, Káfíńtà, Ológoṣẹ́, ó di mẹ́ta. Ta ló mu ẹ̀kẹrin?

Káfíńtà bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Kí lo ń kà?"

"Ife."

"Ó pé?"

"Ó lé."

Ó wò mí, ó lọ gbé ìrọ̀rí sórí àga ìlù rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, kò sì sọ ohunkóhun mọ́. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, bí Káfíńtà bá ní àṣírí, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Tó bá ti lè pa èyí mọ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àìkú, 21

Ọmọbìnrin mi wá. Mo rò ó fún un. Ó ní, "Bàbá, ẹ bi wọ́n."

"Èèyàn a máa bi olè pé ṣé olè ni?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ yín ni o. Àwọn ni wọ́n gbé pósí màmá mi."

Mo ní mo mọ̀. Ó fọ àwo, ó lọ. Ó dùn mí pé ó rántí ìyẹn kí èmi tó rántí rẹ̀.

Ọjọ́rú, 24

Mo ti gbé e. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo ní kí wọ́n máa lọ, èmi á ti ilẹ̀kùn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìwé orin wa máa ń wà, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ láti ọdún kìíní. Mo ní lọ́kàn pé tí afunfèrè tuntun bá fẹ́ fun un, kí ó lọ kọ tirẹ̀. Mo ṣí i kí n tó fi í sínú báàgì. Bébà ló já bọ́ láti inú rẹ̀, bíi ogún. Ọwọ́ Tísà ni, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà bí èyí tó ń kọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Ọ̀rọ̀ orin wa ni, gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ó sì kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní yíǹkì pupa: "Wo mí níbí." "Mí." "Fèrè á kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni kí o wọlé." "Má bẹ̀rù, a wà níbẹ̀."

Ta ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ "Ẹnu Ọ̀nà" sílẹ̀ fún? Ológoṣẹ́ ti kọ ọ́ fún ogójì ọdún, ó lè kọ ọ́ lójú oorun. Àjèjì ni. Wọ́n ti rí akọrin tuntun pẹ̀lú! Kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n fẹ́ lé. Ológoṣẹ́ aláìmọ̀kan náà ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí Tísà, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sílẹ̀ fún.

Mo kó ìwé, mo kó bébà, mo ti ilẹ̀kùn.

Ẹtì, 26

Ìwé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo sùn dáadáa.

Ìṣẹ́gun, 30

Tísà pè. "Fèrè, o rí ìwé orin?"

"Ìwé wo?"

Mo ń gbọ́ òjò ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó ní, "Jọ̀ọ́, tí o bá rí i, pè mí, ìgbàkúgbà tó bá jẹ́." Ohùn rẹ̀ kò le. Mo ti ń retí ohùn líle. Èyí bà mí lẹ́rù díẹ̀.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ológoṣẹ́ kò wá. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Káfíńtà kò wo ojú mi. Àárín ogójì ọdún, Ológoṣẹ́ kò pa ìdánrawò jẹ rí, kódà lọ́jọ́ tí ó ṣègbéyàwó.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́la, màá lọ kìlọ̀ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 2

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàbọ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní, "Ìyàwó wa, ọkọ rẹ dà?" Ó na ọwọ́ sí pálọ̀.

Orí ilẹ̀ ni mo bá Ológoṣẹ́. Gbogbo dúrọ́ọ̀ ló ti fà yọ, bébà, aṣọ, ìwé iná, gbogbo rẹ̀ wà káàkiri. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn. "Fèrè! O dé. Bá mi wá a."

"Kí là ń wá?"

"Ìwé mi. Tísà ní inú kọ́bọ́ọ̀dù lòun fi í sí, kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo gbé e pamọ́. Mo máa ń gbé nǹkan pamọ́ báyìí, mi ò sì ní mọ ibi tí mo gbé e sí."

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti to ọ̀rọ̀ mi. Ẹnu mi kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: "Ológoṣẹ́, gbọ́. Wọ́n fẹ́ lé àwa méjèèjì. Wọ́n ti rí afunfèrè tuntun. Wọ́n ti rí akọrin."

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Akọrin tuntun! Ó dáa kí wọ́n rí i o. Sọ fún wọn kí wọ́n ṣe kíá."

Ìyàwó rẹ̀ pè mí sí kíṣìnnì. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó mú wa búra pé a ò ní sọ fún yín. Tísà búra, Káfíńtà búra, èmi náà búra. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá a gbé mọ́." Láti ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ti ń jábọ́ lórí Ológoṣẹ́. Orúkọ èèyàn ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀nà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ orin. Dókítà ti sọ ohun tó jẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ orin tirẹ̀ padà. Òun ìyàwó ló ń mú un gun àkàsọ̀, nítorí kò lè dá jáde mọ́.

Ife kẹrin.

Mo ní, "Ta ló ń fun fèrè níbẹ̀?"

Ó wò mí bíi pé èmi ni orí mi kò pé. "Ta ló tún kù, Bọ̀ọ̀dá? Ẹ̀yin náà ni. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbà sílẹ̀ lọ́dún tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi. Tí kò bá gbọ́ fèrè yín, ọ̀rọ̀ kì í wá. Tó bá gbọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ á tú jáde bí ìyẹ̀fun nínú àpò."

Mo dì mọ́ etí tábìlì. Mo ti jowú ara mi.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí bébà yẹn ti sọnù ni kò ti sinmi. Ní Ìṣẹ́gun, mo wà ní báfùrúùmù, ó jáde lọ wá a. Ilé tí a ti kó kúrò láti ọdún méjìdínlógún ni a ti rí i. Inú òjò ló dúró sí, ó ń kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn."

Mo padà sí pálọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ sáàárín àwọn dúrọ́ọ̀, orúnkún mi ké. Mo ní, "Ológoṣẹ́, èmi ni mo jí i."

Ó tún fa dúrọ́ọ̀ kan sún mọ́ra, ó ń tú u. Mo rò pé kò gbọ́ ni. Ó ní, "O jí i?"

"Mo jí i. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà."

"Olè," ó ní. "Olè eléyín lẹ́ẹ̀."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

"O rò pé a ò mọ̀? Tí o bá ń sọ̀rọ̀ ó ń dún kọ̀ọ́, kọ̀ọ́. Kí lo rò pé Tísà ń sọ orin kalẹ̀ fún? Ohùn tèmi ṣì ń gòkè."

Mo bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún mi. Ó ní, "Gbogbo wọn ti ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Ìwọ nìkan lo ṣì ń bú mi."

Ẹtì, 3

Mo dá ìwé padà. Tísà gbà á, ó ka bébà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni, láti orí fóònù. Mo ní kí n fún ọ láyè kí o lè tijú fúnra rẹ." Káfíńtà ní tòun ni pé òun ti fẹ́ wá fọ́ ilẹ̀kùn mi, ẹ̀yìn òun ni kò gbà.

Mo tijú. Ó tún kù díẹ̀ kí n bi wọ́n pé àṣírí míì wo ló kù tí wọ́n ń pa mọ́ fún mi. Àìsàn burúkú ni ìfura.

Ìṣẹ́gun, 7

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́. Tísà pa ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, ó ní kí èmi fun un. Mo fun un níbi tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Ológoṣẹ́ kò wọlé. Mo tún un fun, kò wọlé. Ó ní, "Kì í ṣe ẹni yẹn." Wọ́n tún tan kásẹ́ẹ̀tì, ó wọlé wẹ́rẹ́.

A gbé orin náà padà sókè. Kò sí ọ̀nà míì. Èmi àti eyín mi la máa parí ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ológoṣẹ́ wọlé sí fèrè mi nígbà mẹ́ta nínú márùn-ún. Ètè mi wú. Ọmọbìnrin mi ra oúnjẹ rírọ̀ wá. Tísà fẹ́ kí a fagi lé gbọ̀ngàn. Káfíńtà ní kí a lọ. Wọ́n wò mí. Mo ní kí a bi ẹni tó ni ẹnu. Ológoṣẹ́ ní, "Mo fẹ́ lọ kí n tó gbàgbé pé mo fẹ́ lọ."

Àbámẹ́ta, 25

Gbọ̀ngàn kún. Orí funfun lórí gbogbo àga. Wọ́n ṣe ọ̀pá ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle fún wa. Tẹ́lẹ̀ rí, a máa ń fò gùn ún.

Orin mẹ́fà lọ geere. Tísà ń fi ètè sọ ọ̀rọ̀ orin láìyọ ohùn, Ológoṣẹ́ ń wò ó, kò sí ẹni tó mọ̀. Ó dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín láàárín orin bíi ti àtijọ́. Mo ń wo ìka rẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀.

"Ẹnu Ọ̀nà" ló kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kìíní dára. Mo fun ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹsẹ̀ kejì, kò wọlé. Mo tún un fun. Káfíńtà ń lu ìlù kíkẹ́lẹ́, ó ń dúró. Mo fun un lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn èèyàn rò pé bí a ṣe tò ó nìyẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ológoṣẹ́ yíjú padà, ó rìn wá bá mi pẹ̀lú makirofóònù lọ́wọ́. Ó bi mí, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́: "Fèrè, ibo la dé?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ kejì."

"Kí ni mo máa ń sọ níbẹ̀?"

Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Mo rí ọmọbìnrin mi ní ìlà kẹta, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ojú Ológoṣẹ́ mọ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni, bí ẹni tó ń béèrè agogo mélòó ló lù. Mo yọ fèrè lẹ́nu. N kò kọrin ní gbangba rí láyé mi. Ohùn mi kò ju ti ọ̀pọ̀lọ́ lọ, eyín sì ń dún kọ̀ọ́. Mo kọ ọ́: ìlà kan. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí, ó kọ èkejì. Mo kọ ẹ̀kẹta pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan dìde níwájú, ó gbè é, ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbè é, nígbà tí a fi dé ẹsẹ̀ kẹta, kò sí ẹni tí kò kọ ọ́ mọ́. Tísà ń sunkún sórí dùùrù, kò ṣi ibì kan tẹ̀.

Ohùn òkè tó kẹ́yìn: mo gbìyànjú, eyín yẹ̀, mo gba ti ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó kú.

Ọjọ́rú, 29

Àwọn rédíò pè. Wọ́n ní àwọn lè gé ibi tó ti béèrè yẹn kúrò, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo fura sí wọn lójú ẹsẹ̀, pé bóyá wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹ̀sín ni tí a bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ológoṣẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ẹ má gé ẹnikẹ́ni kúrò," ó ní, ó sì pa á.

Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Pálọ̀ Ológoṣẹ́, agogo méjì ọ̀sán. Gbogbo wa wà níbẹ̀, Káfíńtà lórí ìrọ̀rí méjì. Ìyàwó Ológoṣẹ́ tan rédíò. Ológoṣẹ́ jókòó tì mí, ó ń gbọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lójú, ó ń mi orí sí àwọn ibi tó dára. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ kejì "Ẹnu Ọ̀nà", a gbọ́ "Fèrè, ibo la dé?" A gbọ́ bí gbọ̀ngàn ṣe dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn mi.

Ó fajú ro. Ó tẹ̀ sí etí mi. "Ta ni ọkùnrin tó ń ba orin jẹ́ yẹn?"

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ náà ń wò ó. Oṣù méjì ni mo fi fura sí gbogbo èèyàn. Èyí ni n kò fẹ́ wádìí.

"Afunfèrè kan ni," mo ní.

"Ẹ sọ fún un kó gbájú mọ́ fèrè rẹ̀."

Ó gba ọwọ́ mi, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀, ó sì ń fi ìka méjì lu ìlù sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, kò ṣi í lù lẹ́ẹ̀kan, títí orin náà fi parí.